Ta Ni Ó Ń Sanwó Ṣọ́ọ̀kì?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, tí mo sì ń gbé e yẹ̀wò lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ àti lórí ibùsùn. Báwo ni ilé-ìwé ìjọba ṣe lè ní ilé tuntun oní-kíláàsì mẹ́ta, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà, tí wọ́n kọ orúkọ àjọ tí ó kọ́ ọ sára ògiri rẹ̀ gàdàgbà, síbẹ̀ kí olùkọ́ tí ó wà nínú ilé náà máa dá ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo sí méjì kí ó lè lò ó di ọjọ́ Ẹtì? Mo mọ ìdáhùn tí ó máa ń yá wa lẹ́nu: wọ́n ti kó owó jẹ. Ìdáhùn yìí rọrùn, ó sì dùn ún sọ, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tí yóò jí owó ṣọ́ọ̀kì lè jí owó ilé pẹ̀lú, owó ilé ló sì pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ olè nìkan ni, kí ló dé tí ilé fi dìde tí ṣọ́ọ̀kì kò sì sí?

N kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, n kò sì ní dárúkọ ìpínlẹ̀ tí ó wà. Obìnrin tí ó ń darí rẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí ẹ ó ṣe rí i níwájú, òfin lè mú un.

Ìlà mẹ́ta lórí pátákó

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó nípàdé òbí àti olùkọ́ rí mọ bí ó ṣe máa ń lọ. Wọn á gbàdúrà, alága á kí àwọn àgbà, wọn á ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ó kọjá, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ilé-ìwé á dìde pẹ̀lú ohùn ẹ̀bẹ̀, tí àwọn òbí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù wọn nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ló ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, màmá náà kò bẹ̀bẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà sórí pátákó láti òkè délẹ̀, ó sì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí a lò, iye rẹ̀, ẹni tí ó san án.

Ó wá ń kọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ̀rọ̀: ṣọ́ọ̀kì, rẹ́jísítà, ìgbálẹ̀, ọṣẹ àti ike omi fún ìfọwọ́, àgádágodo ọ́fíìsì tí wọ́n já, ìwé ìdánwò tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n sì ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, oògùn orí fífọ́ àti bándéèjì, owó ọdẹ tí ó ń sun ọgbà ilé-ìwé lóru, àti owó ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá ní kí ó mú àkọsílẹ̀ iye ọmọ wá. Nínú ìlà kẹta, ohun tí ó kọ ni «òbí», «òbí», «èmi», «tíṣà ìwé kẹrin», «èmi», «òbí». Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìjọba fara hàn níbẹ̀, fún páálí ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Nígbà tí ó kọ wọ́n tán, ó fa ìlà sábẹ́ gbogbo rẹ̀, ó sì kọ «owó oṣù» àti «ilé» sí ìsàlẹ̀, ó kọ «ìjọba» sí iwájú àwọn méjèèjì. Kò fi ìjọba sùn. Ohun tí ìjọba san, ó kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìyá kan tí ó ń din àkàrà ní ìkóríta ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó ní, «Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú sí mi o. Ilé tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ yẹn, ṣebí owó ìjọba náà ni. Kí ló dé tí wọn ò yọ díẹ̀ nínú ẹ̀ kí wọ́n fi ra ṣọ́ọ̀kì?» Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní, «Ẹ ṣeun, ìyá wa. Owó ilé ò gba ọwọ́ mi kọjá rárá. Kọngílá ni mo rí. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tán, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún mi, mo sì fọwọ́ sí i pé mo gbà á. Owó ṣọ́ọ̀kì ló yẹ kó gba ọwọ́ mi kọjá, òun gan-an ni kì í wá. Èyí tí ẹ̀yin fúnra yín sì ń dá fún mi yìí, bí ẹnì kan bá kọ̀wé sókè pé mo gbà á, èmi ni wọ́n máa pè lẹ́jọ́.»

Ẹ̀rín náà dá. Alága sáré kéde ohun tí ó kàn, bí àwọn alága ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohun tí ó kù nínú ìpàdé náà dáadáa mọ́. Ìdáhùn màmá ti tú ìbéèrè mi sí méjì: èwo nínú owó ìjọba ni ó ń dé ilé-ìwé, èwo ni kì í dé, ta ni ó sì fi bẹ́ẹ̀ lélẹ̀?

Ẹni tí òfin lè mú

Ẹ̀rù tí ó ń ba màmá náà kì í ṣe ẹ̀rù òjìji. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ tí wọ́n ṣe ní ọdún 2004 pa á láṣẹ fún gbogbo ìjọba ní Nàìjíríà láti pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó jẹ́ dandan fún àwọn ọmọ, láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé òpin ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama. Òbí tí ó bá kọ̀ láti fi ọmọ sílé-ìwé yóò kọ́kọ́ gba ìbáwí. Bí ó bá tún ṣe é, ó lè san ₦2,000 tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ₦5,000 tàbí oṣù méjì. Apá kẹta òfin náà ní ẹ̀kọ́ ní àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹni tí ó bá sì gba owó lórí rẹ̀ lè san ìtanràn ₦10,000, tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí kí ó jẹ ìyà méjèèjì pọ̀.

Mo ka òfin náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó ya ìjìyà sọ́tọ̀ fún òbí, ó yà á sọ́tọ̀ fún ẹni tí ó gba owó, ṣùgbọ́n kò ya nǹkan kan sọ́tọ̀ fún ìjọba tí ó pàṣẹ ọ̀fẹ́ tí kò sì fi ohun èlò ránṣẹ́. Ìwé òfin ńlá ti ọdún 1999 pàápàá, ní apá kejìdínlógún, kò sọ ju pé kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Ọ̀gá ilé-ìwé ni ó wá wà láàárín. Bí ó bá gba owó, ó rú òfin. Bí kò bá gbà á, kíláàsì dákẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rí ọgbọ́n dá sí i: àwọn òbí ni yóò «fínnúfíndọ̀» dá owó, alága òbí ni yóò kó o pa mọ́, orúkọ ọ̀gá kò sì ní sí nínú ìwé náà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ òbí tí kò fínnúfíndọ̀ kì í pẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí ìlà láàárọ̀.

Ìdí tí ilé fi ń dìde

Ìjọba àpapọ̀ ń ya ó kéré tán ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún àpò àkójọ owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ lábẹ́ òfin 2004 yìí, UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ni ó sì ń pín in. Ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ gba ìpín rẹ̀ nínú owó iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ mú iye kan náà wá láti àpò ara rẹ̀, kí SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀ náà, tó lè ná méjèèjì pọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀: ẹni tí yóò bá ọ gbé ẹrù, ìwọ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan án. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe jù ni ilé kíkọ́, ilé títúnṣe, àga àti tábìlì, ìwé, àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún olùkọ́. Ìgbálẹ̀ kò sí níbẹ̀. Owó ọdẹ kò sí níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ojútùú sí fúnra wọn.

Ẹ wá wò ó láti ibi tí gómìnà jókòó sí. Bí ó bá fi owó kan sí ilé, owó mìíràn yóò wá bá a láti Àbújá. Bí ó bá fi owó kan náà sí ṣọ́ọ̀kì, òun nìkan ni ó ná an. Ilé ṣeé ṣí, a lè gé rìbọ́ọ̀nù ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a lè ya fọ́tò rẹ̀, ó sì máa ń wà níbẹ̀ títí di ìgbà ìbò. Kọngílá tí ó kọ́ ọ ní ẹnu, ó sì mọ ọ̀nà ọ́fíìsì tí ó yẹ kí ó lọ jókòó sí. Ṣọ́ọ̀kì á tán, àwọn ọmọ á gbọ̀n ọ́n nù kúrò lára aṣọ wọn, kò sì sí ẹni tí yóò kéde lórí rédíò pé wọ́n lo páálí ṣọ́ọ̀kì kan tán ní àlàáfíà. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá jẹ́ olè kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Olóòótọ́ gómìnà náà lè ṣe é, kí ó sì máa rò pé òun ń ṣe dáadáa.

N kò fi ilé ṣe yẹ̀yẹ́ o. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande di gómìnà Èkó ní ọdún 1979, òwúrọ̀ ni àwọn ọmọ kan ń lọ sílé-ìwé, ọ̀sán ni àwọn mìíràn ń lọ, nítorí pé kíláàsì kò tó. Ó kọ́ àwọn kíláàsì kan kíákíá, láìṣe ọ̀ṣọ́ kankan sí wọn, àwọn alátakò sì ń pè wọ́n ní ilé adìyẹ. Ilé adìyẹ náà ni ó fòpin sí ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ àti ọ̀sán. Ilé ni ìṣòro nígbà náà, ilé ni ó sì kọ́. Ní ibi tí ilé ti wà tí ohun èlò kò sì sí, kíkọ́ òmíràn sí i dà bí ẹni ra ọ̀kadà fún ọmọ rẹ̀, tí ó sọ fún un pé kí ó lọ máa tọrọ epo.

Owó orí tí ilé ìgbìmọ̀ kò dìbò fún

Gbogbo wa la mọ ìtàn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1955, tí iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì fò láti 456,600 ní ọdún 1954 sí 811,432. Apá tí a kì í fẹ́ sọ ni bí wọ́n ṣe wá owó rẹ̀. Kí ọmọ kankan tó wọ kíláàsì ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bu ṣílè mẹ́wàá àti sísì lé àwọn asanwó-orí lórí fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Inú àwọn ènìyàn kò dùn sí i rárá. Àwọn tí kò ní ọmọ nílé-ìwé san án, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n nílò ọmọ wọn lóko san án, àwọn alátakò sì rí ohun sọ. Nígbà tí ìbò ìjọba àpapọ̀ dé ní ọdún 1954, NCNC, ẹgbẹ́ alátakò, ni ó borí ní Ìwọ̀-oòrùn, ní ilé Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, gan-an.

Ohun tí mo fẹ́ kí á fi ṣe àfiwé nìyí. Ìjọba yẹn bu owó lé ènìyàn lórí ní gbangba, ó sọ iye rẹ̀, ó sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe, ó sì jẹ ìyà rẹ̀ lójú ìbò. Owó tí ìyá alákàrà ń san lónìí, owó orí ni òun náà. Kò sí aṣòfin kan tí ó jíròrò lé e, kò sí nínú ìwé ìṣúná, kò sí ẹni tí ó mọ àpapọ̀ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kankan, àwọn tí ó sì ń san án ni àwọn tí kò lówó tí wọn yóò fi mú ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé aládàáni. Èmi tí mo ń kọ èyí, bí mo bá ní owó tó, mo lè mú ọmọ mi kúrò kí n sì bọ́ lọ́wọ́ owó orí náà pátápátá. Àwọn olówó ti bọ́ tipẹ́. Ti àwọn tí ó kù ni a ń wí yìí, a kì í sì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Nígbà tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé gorí oyè ní Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ó fagi lé ₦3,000 tí àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ìjọba ń san lọ́dọọdún. Ayọ̀ ńlá ni ó jẹ́ fún ọ̀pọ̀ òbí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí á máa bi gómìnà èyíkéyìí tí ó bá gbé irú ìgbésẹ̀ yìí, ní ìpínlẹ̀ èyíkéyìí, ni pé: owó tí ẹ ní kí òbí má san mọ́ yìí, inú àpò wo ni ẹ ti yọ èyí tí ẹ fi dípò rẹ̀, ọjọ́ wo ni ó sì ń dé ilé-ìwé? Àṣẹ tí ó mú owó kúrò lọ́wọ́ òbí láìfi òmíràn dípò kò dín ìnáwó kù. Ó kàn ń tì í sọ́wọ́ tíṣà ìwé kẹrin ni.

Nínú ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún?

A fẹ́ràn láti máa jiyàn lórí ìdá tí ẹ̀kọ́ kó nínú ìṣúná. Àwọn kan á ní UNESCO ní kí ó jẹ́ ìdá 26. Ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí lábẹ́ UNESCO ní ọdún 2015 sọ pé kí ó wà láàárín ìdá 15 sí 20 nínú ìnáwó ìjọba. 26 tí a ń pariwo yẹn, ẹnu ara wa ni a ti gbọ́ ọ. Bó ti wù kí ó rí, ìdá náà kò lè sọ fún wa bí ṣọ́ọ̀kì bá wà. Owó oṣù wà nínú rẹ̀, yunifásítì ìpínlẹ̀ wà nínú rẹ̀, ilé wà nínú rẹ̀. Ìlà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní owó ìnáwó ojoojúmọ́ ni ìyá alákàrà ń bá jà. Ohun tí a kọ sínú ìṣúná pẹ̀lú, ọ̀tọ̀ ni. Ohun tí ó jáde, ọ̀tọ̀ ni. Láti ìgbà tí Báńkì Àgbáyé ti fi owó ètò SFTAS rọ àwọn ìpínlẹ̀ láti máa gbé ìṣúná wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ó bá ní sùúrù lè ka ìròyìn ìnáwó olóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ó sì fojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ tún lọ́ pọ̀ ní ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìwé òfin ńlá fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa nínú rẹ̀, nígbà tí SUBEB jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT, figbe ta nípa owó oṣù, wọ́n sì ní ìdí, torí wọ́n rántí ìyà tí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ nígbà tí owó oṣù wọn wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni figbe ta nípa owó ìgbálẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ńkọ́?

Ohun kan náà ni mo rí nínú ohun tí ìjọba ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́. Ìrónilágbára ni wọ́n ń pè é: wọn á to ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìlọta sí pápá, orúkọ olóṣèlú á wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀dọ́ á sì kúnlẹ̀ gbà á níwájú kámẹ́rà. Nígbà kan náà, ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba ni yóò ra irin tí yóò fi kọ́ ọ. Ilé ìkàwé ìjọba tí mo máa ń lọ nígbà tí mo ń múra ìdánwò àṣekágbá ṣì dúró gbọn-in, orí rẹ̀ kò jò. Ìwé ìròyìn tuntun ni kò sí níbẹ̀, iná kò sì sí lẹ́yìn aago mẹ́rin.

Mo gbà pé ètò O'YES tí Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé kalẹ̀ ní Ọ̀ṣun ní ọdún 2010 yàtọ̀ díẹ̀. Ó gba 20,000 ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́, ₦10,000 lóṣooṣù sì ni wọ́n ń gbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè ṣe àríwísí rẹ̀, ohun tí a lè sọ sì pọ̀, ṣùgbọ́n owó tí ó ń tán lóṣooṣù ni, ìjọba sì kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Uganda rí

Owó ìnáwó ilé-ìwé kì í ṣe ohun tí kò ṣeé tọpa. Ní Uganda, àwọn onímọ̀ méjì, Ritva Reinikka àti Jakob Svensson, tọpa owó tí ìjọba orílẹ̀-èdè náà fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1991 sí 1995, yàtọ̀ sí owó oṣù. Wọ́n rí i pé nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún, bí ìdá 13 péré ni ó dé ilé-ìwé. Ọwọ́ àwọn aláṣẹ agbègbè ni ìyókù dúró sí. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye tí ó fi ránṣẹ́ sínú ìwé ìròyìn lóṣooṣù, ó sì ní kí ilé-ìwé kọ ohun tí ó gbà síta kí àwọn òbí lè kà á. Nígbà tí ó fi di ọdún 2001, ohun tí ń dé ibẹ̀ ti lé ní ìdá 80. Àwọn onímọ̀ mìíràn jiyàn pé kì í ṣe ìwé ìròyìn nìkan ni ó ṣe é, pé ìjọba ṣe àwọn àtúnṣe mìíràn pẹ̀lú, mo sì rò pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Síbẹ̀, kò sí èyí tí ìbá ṣeé ṣe bí kò bá sí ìlà kan nínú ìṣúná tí ó sọ pé owó báyìí ni ti ilé-ìwé báyìí. Ìlà yẹn gan-an ni a kò ní lọ́dọ̀ wa, tàbí tí a ní tí òbí kankan kò rí i rí.

Ìdí nìyẹn tí ìwé tí ẹgbẹ́ òbí wa kọ sí aṣojú agbègbè wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi sọ ohun kan ṣoṣo. A ní kí ó béèrè, nígbà tí àwọn àjọ bá wá ṣàlàyé àbá ìṣúná wọn níwájú ìgbìmọ̀, iye tí wọ́n kọ fún ìnáwó ojoojúmọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iye tí ó jáde lọ́dún tí ó kọjá, àti oṣù tí ó jáde. Akọ̀wé rẹ̀ gba ìwé náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó kà á tán, ó sì bi alága wa bóyá kì í ṣe kíláàsì méjì sí i ni à ń wá, pé ìyẹn yóò tètè yá ju èyí lọ. Alága dáhùn pé owó ìnáwó ni a kọ síbẹ̀. Akọ̀wé ní kí á padà wá nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ bá ti ìsinmi dé.